Télọ̀ Tó Fi Aṣọ Ọmọ Òrukàn Rán Ṣòkòtò

Ní abúlé kan, télọ̀ kan wà tó gbé ìwà ahun wọ̀ bí ẹ̀wù. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú, tí ìyàwó àbúrò náà sì kú tẹ̀ lé e, wọ́n fi ọmọbìnrin kékeré méjì sílẹ̀. Télọ̀ ní ilé òun kò gba èrò. Obìnrin amọ̀kòkò tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà ló kó wọn sọ́dọ̀. Kò bímọ, kò sì lówó, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í tán nílé rẹ̀. Àwọn ọmọ ń bá a po amọ̀, wọ́n ń fi í kun ara wọn nímú, wọ́n sì ń pè é ní Ìyá Oníkòkò.

Lẹ́yìn ọdún kan, ìjọba kéde pé àwọn yóò máa ran ìdílé tó bá ń tọ́ ọmọ òrukàn ní ìgbèríko lọ́wọ́: owó oúnjẹ lóṣooṣù, fóòmù tí wọn yóò máa sùn lé, àti aṣọ ilé-ìwé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Télọ̀ fi dé ẹnu ọ̀nà amọ̀kòkò.

“Ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n,” ó ní. “Mo wá kó àwọn ọmọ mi.”

“Ṣé ilé yín ti wá fẹ̀ sí i ni?” obìnrin náà bi í.

Télọ̀ ti di àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ mú. Ó kó wọn lọ.

Fóòmù dé, Télọ̀ to aṣọ àwọn oníbàárà lé e. Ìgàn aṣọ ilé-ìwé tí wọn kò tíì rán dé, èyí tó máa tó wọn lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, aláwọ̀ ewé onílà funfun. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó gé e, ó fi rán ṣòkòtò, ó sì tà á ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn àgbẹ̀. Àwọn ọmọ kò bá a jà. Bí wọ́n bá ti jáde nílé-ìwé, ọ̀dọ̀ Ìyá Oníkòkò ni wọ́n ń gbà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan gun alùpùpù wọ abúlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó pàdé àgbẹ̀ kan tó wọ ṣòkòtò aláwọ̀ ewé onílà funfun. Ó pàdé èkejì. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, bàbá arúgbó kan, ó dúró.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kíláàsì wo lẹ wà?”

Ẹ̀rín pa bàbá náà. “Ọmọ mi, Télọ̀ ló rán an fún mi. Ó ní aṣọ òkè òkun ni.”

Obìnrin náà kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀. Ìyẹn ti rí i lókèèrè, ó sì ti fẹsẹ̀ ti ṣòkòtò mẹ́ta sábẹ́ máṣínnì. Obìnrin náà pe èyí tó kéré nínú àwọn ọmọ náà wá láti òdìkejì ọ̀nà, ó bi í níbi tó ń sùn.

“Ọ̀dọ̀ Ìyá Oníkòkò ni, mà. Aṣọ àwọn oníbàárà ló ń sùn sórí fóòmù wa.”

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ìjọba gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ Télọ̀, ìrànlọ́wọ́ ìjọba sì bá wọn lọ. Àwọn ọmọ ru fóòmù wọn, wọ́n ń jó sọdá ọ̀nà. Amọ̀kòkò ń pàtẹ́wọ́, omi ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo abúlé tẹ̀ lé wọn, àti àwọn oníṣòkòtò pàápàá.

Ní ti Télọ̀, àwọn àgbà abúlé pàṣẹ pé kó fi owó ara rẹ̀ ra aṣọ, kó sì rán an lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé tí àwọn ọmọ náà ń lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi tẹ máṣínnì, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Nígbà tó gbé aṣọ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀, èyí tó kéré wọ tirẹ̀, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kúnlẹ̀.

“Ẹ ṣé, bàbá. Ó bá mi mu.”

Télọ̀ bá a tún kọ́là aṣọ náà ṣe. Ó sọdá ọ̀nà padà sínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti dúró dè é.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin alágbàtọ́, ẹ jẹ́ ká fi èyí kọ́gbọ́n. Ohun tí ìjọba bá fún ọmọ òrukàn, ti ọmọ náà ni. Ẹni tó bá gba ọmọ nítorí ohun tó ń bá ọmọ bọ̀ yóò pàdánù ọmọ, yóò sì pàdánù ohun náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìfẹ́ gbà á nígbà tí kò sí èrè kankan níbẹ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́ èrè rẹ̀.