Ẹ̀kọ́ Bíbélì Lórí Tábìlì Màmá

"Ka ibí yìí," ni ìyá tó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé wí. Ọmọbìnrin rẹ̀ tẹjú mọ́ Bíbélì, ó sì ka Sáàmù kẹtàlélógún geere.

"Ìwé Róòmù ni mo ṣí fún ẹ! Olóríkunkun!"

"Màmá, ẹ̀gbọ́n mi ò..." ni àbúrò rẹ̀ wí.

"Panu mọ́! Kí n tó yọ yín nílé ìwé, olùkọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n mú un lọ fún àyẹ̀wò ojú. Ẹgba mẹ́fà ni àyẹ̀wò rẹ̀. Tẹ́wọ́!"

Ìyá rìn láìwọ bàtà lọ mú ẹgba lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin náà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sí àga tí ìyá ti dìde kúrò lórí rẹ̀.

"Ẹ ṣàánú mi, Màmá."

"Àga lò ń bẹ̀? O tún ń fi mí ṣẹ̀sín!"

Ó fi mẹ́rin kún mẹ́fà.