Pátákó Ìjòyè Tí Kò Wá

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Bí mo bá parọ́, kí ẹṣin ẹrù ta mí nípàá. Àmọ́ kí ẹṣin náà rọra ta á, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣojú mi.

Ìlara ni àrùn Denroku. Ó ní ilé àlejò ní Karisawa, ìlú wa lójú ọ̀nà Kiso, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sùn, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ẹṣin. Ilé rẹ̀ tóbi ju ti Osawa lọ, opó tó ń gbé ní òdìkejì títì. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ Osawa ni àlejò ń yà sí nítorí ọbẹ̀ olú rẹ̀.

Bí ìjòyè ńlá bá ń bọ̀, wọn a kọ orúkọ rẹ̀ sí pátákó, wọn a rì í mọ́lẹ̀ níwájú ilé tí yóò sùn. Àlejò mìíràn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí òjò lé gbogbo ènìyàn wọlé, Denroku ri pátákó èké síwájú ilé Osawa.

"Ìyá Osawa, ẹ kú oríire o. Ìjòyè ń bọ̀ wá jẹ olú."

"Ẹ ṣé, Ọ̀gá Denroku. Bó bá ṣẹ́ kù, a ó pè yín."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Yohachi, olórí ìlú, wá wo ilé Osawa, ó mi orí.

"Ilé yìí kò lè gba àwọn tó máa tẹ̀ lé ìjòyè. Denroku, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọn yóò sùn, kó àlejò rẹ jáde. Pààrọ̀ ẹní, kí o sì wá oúnjẹ sílẹ̀."

"Baba, bí kò bá wá mọ́ ńkọ́?"

"Ṣé ìwọ lo rán an níṣẹ́ ni?"

Denroku yára lọ kó àlejò rẹ̀ jáde, torí ẹni tó bá fi orúkọ ìjòyè parọ́, ó gbé. Ó ra ẹní tuntun. Ó ra ẹja. Ẹja rà, ó tún ra òmíràn. Àlejò ń kọjá lọ sí ìlú tó kàn. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ hú pátákó náà níwájú ilé Osawa. Àwọn alárùú bá a níbẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, wọ́n sì mú un lọ bá Yohachi.

"Ta ló rì í síbẹ̀?" Yohachi bi í.

"Èmi ni, Baba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sinmi."

Wọ́n gba ilé rẹ̀, wọ́n lé e kúrò nílùú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Osawa, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun sùn mọ́jú.

Osawa dáhùn pé, "Ilé ti kún. Ìjòyè ń bọ̀."

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹni tó bá ń wá bí ilé aládùúgbò rẹ̀ yóò ṣe dá páropáro, tirẹ̀ náà kò ní kún.

Èsì Osawa yẹn, èmi ni mo fi sí i lẹ́nu, torí ó dùn mọ́ mi. Ìyá náà kò sọ nǹkan kan. Bàtà koríko tuntun ló mú jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó so ó mọ́ Denroku lẹ́sẹ̀.