Àgádágodo Ìsàlẹ̀ Ojú Kọ̀ǹpútà

Ọdún kejì tí sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni ẹ̀rín ìyàwó Adégbénró bẹ̀rẹ̀ sí í dí i lóorun. Taípíìsì ni Olúfọlákẹ́ lójú ọ̀nà Allen. Tó bá ṣíwọ́, a máa yà sí káfẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì Job lọ ka ímeèlì, a sì máa dá rẹ́rìn-ín níwájú kọ̀ǹpútà. Adégbénró, tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Oregun, náà ń lọ síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà igun ló máa ń lò, yóò fẹ̀yìn ti ògiri.

Lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Owú wá ń jó o nínú bí ata: ọkùnrin tó ń pa á lẹ́rìn-ín ti di ẹni tó ń mú un ronú. Ó lọ bá Job.

“Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń kọ̀wé sí ìyàwó mi.”

Kò ya Job lẹ́nu. “Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n.”

Ó ṣí ojú ìwé kan. Ojú ìwé ímeèlì gan-an ni, àgádágodo kékeré tó ń sọ pé kò séwu wà ní títì nísàlẹ̀.

“Ayédèrú ni. Ohun téèyàn bá tẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ mi ló ń bọ́ sí.”

“Kọ̀ǹpútà ò ní ké gbàjarè?”

“Búráúsà yìí, tó ń bá wa ṣí ojú ìwé, dà bíi mẹ́gádì GRA tó rí òǹtẹ̀, tó ṣí géètì, tí ò bèèrè ẹni tó lù ú. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún káfẹ́ mi ni mo fi bu ọwọ́ lu ayédèrú ìwé ẹ̀rí ilé iṣẹ́ ímeèlì. Kò bi mí pé ta ló fún mi láṣẹ. Ẹ fi tiyín dán an wò ná, kẹ́ ẹ rí i bóyá aya yín á fura.”

Adégbénró bojú wẹ̀yìn, ó tẹ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ yọ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

“O burú, Job,” ó ní, inú rẹ̀ dùn.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Job fún un ní pásíwọ́ọ̀dù Olúfọlákẹ́. Ó ka àwọn lẹ́tà rẹ̀ tán: àbúrò rẹ̀ tó wà l'Ádòó ń ròyìn ọmọ, ẹgbẹ́ akọrin ń pe ìpàdé. Kò sí ọkùnrin kankan. Ara tù ú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé búrẹ́dì Agége wálé fún un.

Olúfọlákẹ́ kúnlẹ̀ gbà á. “Ẹ ṣé, Bàbá Ayọ̀tọ́lá. Adébísọ́lá, obìnrin yín tòde, ti kọ̀wé sí yín, ó ní ẹ gbàgbé síńgílẹ́ẹ̀tì yín sílé òun. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Job, torí èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ ojú ìwé ayédèrú yẹn dè yín.”