Ìbora Fláàsì Elizabeth

Nígbà tí Elizabeth forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nítìn ní Ìkọ̀lé, ó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tán. Ó ṣáà ti hun súẹ́tà kan rí nílé ìwé. Apá kan súẹ́tà náà gùn ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Sátidé mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwatóyìn ló ń kọ́ wọn. Àwọn obìnrin mọ́kànlá tó wá ti mọ bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ. Bí èèyàn ṣe ń yan àwọ̀ tó bára mu, àti bó ṣe ń ṣètò iṣẹ́ kí òwú má baà tán lójú ọ̀nà, ni wọ́n wá kọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Olúwatóyìn pín bébà fún wọn.

“Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ hun, bó ṣe máa tóbi tó, àti ìgbà tí ẹ fẹ́ kó parí.”

Elizabeth wo bébà náà títí. Ìbora ọmọ jòjòló ló fẹ́ hun. Ṣùgbọ́n ta ní ń kọ nǹkan ọmọ tí wọn ò tíì bí sórí bébà, kí gbogbo ìlú wá kà á? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti bá ìdílé rẹ̀ yọ̀ rí, tí wọ́n tún padà wá kí wọn pé ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ti gbàdúrà fún ọmọ yìí títí àdúrà fi sú u. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí ìbora náà parí kí ọmọ tó dé, kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́. Ó bá kọ ọ́ pé: Ìbora fláàsì.

Olúwatóyìn ka bébà náà, ó tún un kà.

“Mummy, fláàsì yín ga tó ọgbọ̀n íǹṣì?”

“A pọ̀ nílé,” ni Elizabeth wí. “A sì fẹ́ràn tíì.”

Irọ́ gbuu ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù nílé. Bùkúnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti lọ sílé ọkọ ní Ọ̀tùn lọ́dún tó kọjá.

Florence, aládùúgbò rẹ̀ tó jókòó tì í, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lóṣooṣù ni Elizabeth ń wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀tùn, kí òun àti Bùkúnmi lè jọ lọ rí nọ́ọ̀sì. Florence ti bá a pàdé ní gáréèjì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti ṣírò ọ̀rọ̀ náà tán.

“Ìyá àgbà!” ló ń pè é láti ọjọ́ náà. Elizabeth kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Sátidé kejì ni ọjọ́ àwọ̀. Elizabeth kó òwú pupa àti aláwọ̀ ewé wá, ó ń fi wọ́n ṣe fáàrí. Olúwatóyìn ní kí kálukú ya òwú rẹ̀ ní fọ́tò dúdú àti funfun lórí fóònù. Ti Elizabeth di àwọ̀ eérú kan náà.

“Ẹ ò rí i pé wọ́n máa gbé ara wọn mì? Tí ẹ bá hun òdòdó sí i, kò ní hàn rárá.”

“Ẹ ṣàánú ojú mi,” ni Elizabeth wí. “Ojú tó yan ọkọ fún mi náà nìyí.”

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ó fi búlúù tó ki dáadáa àti yẹ́lò rọ́pò wọn, torí kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni fláàsì náà tàbí obìnrin.

Ní Sátidé kẹta, wọ́n hun àpẹẹrẹ tó tó àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ka iye ojú òwú tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè fi ṣírò iye òwú tí iṣẹ́ máa gbà. Elizabeth ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, iye mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì bá. Òwú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àga. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó mí hẹlẹ, ó jáwọ́. Florence ló bá a mú un.

“Ìyá Bùkúnmi, iyán tí ẹ ń gún nínú ulé yẹn, ẹ dín in kù o. Ara ti ń pọ̀ jù.”

“Mo ti bá iyán sọ̀rọ̀ títí,” ni Elizabeth wí, ó sì na bùbá rẹ̀ gbọọrọ. “Kò gbọ́ tèmi.”

Ní Sátidé karùn-ún, Bùkúnmi pè é sórí fóònù. Fóònù Elizabeth kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

“Màámi, mo ti gba èsì àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì ní gbogbo ẹ̀ ló dáa. Ọmọ náà ti dorí kodò!”

Elizabeth pa fóònù náà, àmọ́ gbogbo gbọ̀ngàn ti gbọ́. Omi bo ojú rẹ̀ débi pé ó fo ojú òwú mẹ́ta lórí abẹ́rẹ́, ó sì ní láti tú odidi ìlà kan.

“A ò gbọ́ nǹkan kan,” ni Florence rọra sọ sí i létí. Àwọn tó kù tẹjú mọ́ òwú wọn.

Ìbora náà parí ní Sátidé tó kẹ́yìn. Etí rẹ̀ kan ká díẹ̀, àmọ́ àwọn òdòdó yẹ́lò náà hàn kedere, inú Elizabeth sì dùn gan-an. Bí wọ́n ṣe ń kẹ́rù ni Bùkúnmi wọlé, ó wá mú ìyá rẹ̀ lọ sí Ọ̀tùn. Ṣòkòtò jíìnsì tó fún pinpin ló wọ̀.

“Ọmọ ayé òde òní,” ni Florence wí. “Kò tiẹ̀ hàn!”

Kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé ikùn Bùkúnmi.

“Wàá sọ̀ láyọ̀. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹnikẹ́ni ò ní kí yín ní pẹ̀lẹ́.”

Gbogbo wọn ṣe àmín lóhùn rara.

“Àmín, ẹ̀yin màmá,” ni Bùkúnmi wí, ó rọra gbé ọwọ́ Florence kúrò lára rẹ̀, ó gbé e lé iwájú bùbá Elizabeth, “àmọ́ ibí yìí ni àbúrò mi wà.”