Kọ́ọ̀dù Kẹrin Nínú Orin Ìkórè

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá, ọdún 2064, mo pa kọ́ọ̀dù kan, ìyẹn àwọn ohùn orin tí a ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, rẹ́ nínú orin ìkórè tí Bàbá Olúgbèmí gbé wá sí ọ́fíìsì wa tó ń yẹ orin wò fún ìjọba ní Iléṣà. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré ni òfin gbà fún orin kan. Bí ẹ̀kẹrin bá wà, kọ̀ǹpútà á kùn ún ní pupa. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ nìkan ni mo lè dá a sí.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi fi èyí sílẹ̀,” ni bàbá náà wí. “Olóògbé ìyàwó mi ló fi í síbẹ̀.”

Kò dá mi mọ̀. Èmi dá a mọ̀. Ní ọdún 2031, mo máa ń ti ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ní kí n kọjú sí ògiri níwájú ènìyàn mọ́kànlélógójì, pé ohùn mi dà bí ti ewúrẹ́ tí òjò pa.

“Bàbá, ẹ kọ́kọ́ kọjú sí ògiri.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé kọ̀ǹpútà ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni?”

“Rárá o. Èmi Ìbídùn, ewúrẹ́ yín, ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri. “Ìbídùn, èmi ni kí o fìyà jẹ. Má fìyà jẹ òkú.”

Mo tẹ bọ́tìnì ìparẹ́. Lẹ́sẹ̀kan náà, kọ́ọ̀dù náà parẹ́ nínú gbogbo fóònù tó ní orin náà.

Kọ́ọ̀dù yẹn nìkan ni ìyàwó rẹ̀ kọ láyé rẹ̀. Kò sí níbikíbi mọ́.