Káàdì Ọlọ́pàá Ẹlẹ́ṣin

"Màmá, òmíràn tún ti dé o!" Tawfiq, tó ń ta ìwé àti fọ́tò àtijọ́ ní àdúgbò Ofin, na káàdì alàwòrán kan sí ìyá olóbì. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin ló wà lórí rẹ̀, nínú aṣọ ayẹyẹ, wọ́n ń yan lọ láàárín èrò. "Ẹ ti rà tó ogójì. Ẹ mà fẹ́ràn ẹṣin o!"

Ìyá olóbì ò wo ẹṣin. Ó gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé àwọn èrò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dá awò náà dúró lórí ọmọ kan.

"Ọmọ mi rèé. Bàbá rẹ̀ gbé e lé èjìká. Nígbà tí ọmọ náà kú, àwọn àgbà ilé dáná sun gbogbo fọ́tò rẹ̀, wọ́n ní kí n lè gbàgbé. Mo sì gbàgbé ojú rẹ̀, Tawfiq."

Tawfiq sún mọ́ ọn, ó wò ó. Ẹṣin ni ọmọ náà kọjú sí. Ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ló hàn.

Ìyá fi ìka ra ṣùkú orí ọmọ náà.

"Èmi ni mo dì í. Wò ó, ìlà kan wọ́. Kò jẹ́ kí n dì í dáadáa. Ẹṣin ló fẹ́ lọ wò."