Ewé Tútù Lójú Títì

Bí awakọ̀ èrò kan ṣe rí ewé tútù tí wọ́n tò sójú títì báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ búrékì. Ewé lójú títì, ọkọ̀ ló bàjẹ́ níwájú. Ta ni kò mọ̀?

"Ṣé ìyàwó lò ń sìn lọ ilé ọkọ ni?" Adétutù oníṣu pariwo láti ẹ̀yìn. "Dírẹ́bà, iṣu mi á ti hù kí á tó dé Kàbà!"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ ń rọra wakọ̀ lọ ní tiẹ̀. Ọ̀dà tuntun tí wọ́n dà sójú títì yìí ń dán, ó ń pe èèyàn sí eré, àfi bí ọ̀nà ṣe ṣẹ́ kọ́nà lójijì. Ọ̀gbun ló wà létí rẹ̀, kò sí irin kankan tí yóò dá ọkọ̀ dúró. Ẹ̀rín bá tán lẹ́nu gbogbo wọn.

Wọ́n yí kọ́nà náà tán, wọn ò rí ọkọ̀ kankan. Ìyá àgbà kan ni wọ́n bá, tó ń to ewé de àwọn tó ń bọ̀ láti òdìkejì.

"Okun o, Màmá," awakọ̀ kí i bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kí ara wọn. "Ọkọ̀ tó bàjẹ́ dà?"

"Kò tíì dé," ìyá náà fèsì, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Àbí ó dìgbà tó bá já sọ́gbun kí n tó to ewé?"